Ẹrù ìpẹ̀rọ̀ lábẹ́ afárá irin: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kan ní Kétu

Afárá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ so òkè ilé àtijọ́ pọ̀ mọ́ òkè ilé tuntun ní ilé ìgbẹ̀bí aládàáni kan nílùú Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin. Mítà 12 ni gígùn rẹ̀ láti ògiri dé ògiri, ìbú rẹ̀ kò ju mítà kan lọ. Irin IPE 240 méjì, ìyẹn irin onírísí lẹ́tà I tó ga ní mìlímítà 240, ló gbé e, páànù nínípọn ni wọ́n tẹ́ lé e lórí, ìfọwọ́rọ̀ sì wà lọ́tùn-ún lósì. Abẹ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ń gbà wọ inú ọgbà. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ dán, kò sí ìpẹtà, àwọn bóòtù tó dè é mọ́ ògiri dúró ṣinṣin.

Àmọ́ ó ń gbọ̀n. Ẹnì kan ṣoṣo lè máa rọra rìn lórí rẹ̀, kó tó dé agbedeméjì, abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti máa lọ sókè sódò. Yàrá iṣẹ́ abẹ wà ní ilé àtijọ́, ibùsùn àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun wà ní ilé kejì, nítorí náà orí afárá yìí ni wọ́n ń gbé obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún kọjá. Àwọn agbẹ̀bí sọ fún mi pé wọ́n ń rí i bí ó ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú bí ibùsùn onítáyà náà bá ti dé àárín. Àwọn mìíràn tó ti lè rìn kọ̀ jálẹ̀ láti gbà á. Wọ́n á sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, wọ́n á gba inú oòrùn kọjá, wọ́n á tún gun àkàsọ̀ kejì, tàwọn ti ojú ọgbẹ́ tí kò tíì jinná. Ohun tó mú mi gba iṣẹ́ náà nìyẹn: láti so ẹrù ìpẹ̀rọ̀ sábẹ́ afárá, ìyẹn ẹrù irin tó so rọ̀ lórí sípírín tó ń mú kí gbígbọ̀n rọlẹ̀. Afárá tí ọlọ́gbẹ́ ń sá fún kò tíì ṣe ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ.

Agbára ọ̀tọ̀, gbígbọ̀n ọ̀tọ̀

Ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń sọ ni pé irin náà kéré. Dókítà tó ni ilé ìgbẹ̀bí náà ti pe ẹnjiníà kan láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kí n tó débẹ̀. Ẹnjiníà náà ṣírò ẹrù tí afárá lè gbé, ó ní bí èèyàn bá tilẹ̀ kún un láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kò ní já. Mo tún ìṣirò náà ṣe fúnra mi, ibì kan náà la já sí. Síbẹ̀ Dókítà kò fọkàn balẹ̀. Wọ́n ní: "Ẹ bá mi kún irin sí i. Owó tó bá gbà, n ó san án." Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọn gbígbọ̀n náà ná.

Agbára ń bi wá pé: ẹrù mélòó ni irin yìí yóò gbé kó tó tẹ̀? Gbígbọ̀n ń béèrè ohun mìíràn: ìgbà mélòó ló ń lọ sókè sódò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣé ìgbà yẹn sì bá ẹsẹ̀ àwọn tó ń gbà á mu? Ẹ rántí ọmọdé tó wà lórí jangilọ́fà. Ẹni tó ń tì í kò ní láti jẹ́ alágbára; bó bá ṣáà ti ń tì í lásìkò tó yẹ, díẹ̀díẹ̀, ọmọ náà á ga sókè. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe irin yìí gan-an nìyẹn. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kéré, àmọ́ kò sí èyí tó ń ṣègbé nínú wọn, torí gbogbo wọn ló ń bọ́ sí àsìkò.

Èèyàn tó ń rìn máa ń gbé ìgbésẹ̀ bíi 1.6 sí 2.4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àmọ́ títẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Nínú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títẹ̀ ńlá kan wà, òmíràn tó kéré sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń sáré ní ìlọ́po méjì. Ẹni tó ń gbé ìgbésẹ̀ 1.7 ń ti afárá ní ìgbà 1.7, ó sì tún ń fi agbára kékeré tì í ní ìgbà 3.4. Ìgbésẹ̀ 1.7 yìí kì í ṣe ìrìn akánjú. Ìrìn agbẹ̀bí tó ń ti ibùsùn aláìsàn ni.

Wíwọ̀n

Fóònù ló wọn ohun gbogbo. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ phyphox, ọ̀fẹ́ ni, yunifásítì RWTH ní Aachen lórílẹ̀-èdè Jámánì ló ṣe é. Ó ń jẹ́ kí fóònù kọ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń mì sílẹ̀. Mo fi teèpù lẹ fóònù mọ́ páànù ní agbedeméjì afárá. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi fò lẹ́ẹ̀kan kó sì dúró gbọnin. Ohun tí ìlà orí fóònù sọ kò fara sin: irin náà ń lọ sókè sódò ní ìgbà 3.4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 3.4 Hz. Ìṣirò tí mo ṣe lórí ìwé ti sọ pé 3.6. Ìyàtọ̀ náà kò yà mí lẹ́nu, torí ògiri tí irin jókòó lé kì í le tó bí ìwé ṣe rò, ìfọwọ́rọ̀ àti ọ̀dà náà sì ní ìwọ̀n tiwọn. Èyí ni mo fi ń tẹnu mọ́ ọn fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ pé nǹkan tó dúró níwájú wa la ó wọ̀n. Ẹni tó bá ṣe ẹrù ìpẹ̀rọ̀ fún 3.6, ó ti ṣe é fún afárá tí kò sí níbì kankan.

Ohun kejì tí ìlà náà sọ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn tí ọmọ iṣẹ́ dúró, ó gbà tó ìgbọ̀n 14 kí gíga ìgbọ̀n náà tó dín kù sí ìdajì. Bí a bá fi iye ìgbọ̀n yẹn pín 0.11, a ó rí ìpín tó ń fi bí ìgbọ̀n ṣe ń rọlẹ̀ hàn. Níhìn-ín, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Irin lásán kì í gbàgbé ìgbọ̀n kíákíá. Kọ́ńkéré sàn jù ú lọ, igi sì sàn ju kọ́ńkéré lọ.

Mo wá ní kí agbẹ̀bí kan rìn kọjá bó ṣe máa ń rìn. Fóònù kọ ìyárasí, ìyẹn bí ìyára ìgbọ̀n náà ṣe ń yí padà, tó ga dé 2.2 m/s² ní agbedeméjì. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí Sétra, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀nà àti afárá ní ilẹ̀ Faransé, gbé jáde lọ́dún 2006 fún afárá ẹlẹ́sẹ̀ pín ìtura sí ìpele: ohun tí kò tó 0.5 m/s² ni ìtura tó ga jù, 0.5 sí 1 ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, 1 sí 2.5 ni ó kàn ṣeé fara dà, ohun tó bá sì ju 2.5 lọ kò bójú mu. Àwọn tó kọ ìwé yẹn ń ro ti ẹlẹ́sẹ̀ tó ní ìlera tó ń kọjá lórí títì. Èmi ń ro ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán níkùn. N ò ní gbà fún ohun tó bá ju 0.5 lọ fún ẹni tó ń ti ibùsùn.

Òpó ni ìbá dára jù

Kí n sọ eléyìí kí n tó lọ jìnnà: bí àyè bá wà fún òpó kan lábẹ́ agbedeméjì afárá, ẹ ri òpó, kí ẹ gbàgbé gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Irin tó jókòó lé òpó láàárín máa ń gbọ̀n ní ìlọ́po mẹ́rin ìgbọ̀n rẹ̀ àtijọ́, èyí tó já sí nǹkan bíi 13.6 Hz níhìn-ín, kò sì sí ẹsẹ̀ tó lè bá a débẹ̀. Ṣùgbọ́n agbedeméjì yẹn ni ọ̀nà ọkọ̀ aláìsàn. Kò sí ibòmíràn tí ọkọ̀ lè gbà, àwa náà kò sì ní dí ọ̀nà aboyún tí ń rọbí.

Kíkún irin wá ńkọ́? Kí iye ìgbọ̀n tó lè di ìlọ́po méjì, líle irin gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ irin tí a bá kún un náà ń wúwo, ó sì ń fa iye ìgbọ̀n sẹ́yìn. Afárá tuntun ni a ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kọ́ lábẹ́ ti àtijọ́, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ débi tí orí ọkọ̀ á fi máa kàn án.

Ọ̀nà tó kù ni ẹrù tó so rọ̀ lórí sípírín. Hermann Frahm, ará Jámánì, gba ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ lórí rẹ̀. Ọdún 1909 ló béèrè fún un. Ní 1928, Ormondroyd àti Den Hartog fi ìṣirò gbé e dúró, ìṣirò wọn la ṣì ń lò títí dòní. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹrù náà ní iye ìgbọ̀n tirẹ̀ tó súnmọ́ ti afárá. Nígbà tí afárá bá fẹ́ máa lọ sókè, ẹrù á ti máa fà á wálẹ̀. Agbára tí ẹsẹ̀ ń kó sínú irin á kọjá sínú ẹrù, ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹrù á sì sọ ọ́ di ooru. Láìsí ọ́ìlì, agbára náà á kàn máa lọ á máa bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ èyí tó wà ní Taipei 101, bọ́ọ̀lù irin tọ́ọ̀nù 660 tó so rọ̀ nítòsí òkè ilé tó ga ní mítà 508. Millennium Bridge ní Lọ́ńdọ̀nù ló súnmọ́ ọ̀rọ̀ wa jù. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2000, ó ń fì sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ èrò, wọ́n sì tì í ní ọjọ́ 12 oṣù náà. Ọdún 2002 ni wọ́n tó tún un ṣí, lẹ́yìn tí wọ́n fi amọ́tísọ̀ 37 (irú ohun tó ń gba ìgbọ̀n mọ́ra lábẹ́ ọkọ̀) àti ẹrù ìpẹ̀rọ̀ tó lé ní 50 sí i. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí èèyàn bá rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Sakété lọ sí Àjàṣẹ́, kó gbójú sókè wo wáyà iná ńlá. Nítòsí ibi tí wáyà ti so mọ́ òpó, ẹ ó rí ohun kékeré kan tó ní ẹrù lórí méjèèjì. George Stockbridge ló ṣe é ní Kalifóníà láàárín àwọn ọdún 1920, kí afẹ́fẹ́ má baà gbọn wáyà títí tí yóò fi re. Ọmọ iṣẹ́ mi ti ń rí wọn láti kékeré, ó rò pé àmì fún ẹyẹ ni.

Ìṣirò

Gbogbo afárá náà wúwo tó kìlò 1,750. Nítorí pé ìpẹ̀kun méjèèjì kì í mì, ìdajì rẹ̀ ló kà fún ìgbọ̀n agbedeméjì, ìyẹn nǹkan bíi 875. Mo yan ẹrù tó jẹ́ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún èyí, kìlò 70. Àwọn kan máa ń lo ìdá méjì tàbí mẹ́ta. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú èyí tó wúwo, mo sì ti ní ìdí, ẹ ó rí i níwájú nígbà tí mo bá dé orí àwọn tó ń wá kí ọlọ́mọ.

Ẹrù náà kò gbọdọ̀ gbọ̀n ní 3.4 gan-an. Òfin Den Hartog ni pé kí a fi 1.08 pín 3.4, ó jẹ́ 3.15 Hz. Kí a tó mọ sípírín tó yẹ, kò sí ìdí fún ẹ̀rọ olówó ńlá. Bí ẹrù bá jókòó lé sípírín, ẹ wọn iye mìlímítà tí sípírín fi lọ sílẹ̀, ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀, kí ẹ fi pín 15.8; iye ìgbọ̀n rẹ̀ lẹ rí yẹn. Mìlímítà 25, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 5, ó já sí 3.16. Nítorí náà iṣẹ́ wa ni láti wá sípírín mẹ́rin tí kìlò 70 yóò tẹ̀ sílẹ̀ ní mìlímítà 25. Rúlà ọmọ iléèwé tó láti fi wọ̀n ọ́n.

Sípírín láti ara alùpùpù

Inú ẹsẹ̀ iwájú alùpùpù ni mo ti rí wọn. Ní ìlú tí zẹ́mijàn (ọ̀kadà) pọ̀ tó báyìí, kò sí mẹkáníìkì tí kò ní wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ wo ìdì rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó rà á. Àwọn kan wà tí ìká wọn fún pọ̀ ní orí kan tó sì ṣí sílẹ̀ ní orí kejì. Irú wọn ń le sí i bí ẹrù bá ṣe ń tẹ̀ wọ́n, wọn kò dára fún iṣẹ́ yìí. Èyí tí ìká rẹ̀ dọ́gba láti òkè délẹ̀ ni mo mú.

A gbé bídọ́ọ̀nù lítà 20 tó kún fún omi lé sípírín kọ̀ọ̀kan lórí, a sì wọn bó ṣe lọ sílẹ̀. Kìlò 21 ni òun àti omi inú rẹ̀. Èyí tó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lọ sílẹ̀ ni mo ń wá, torí bí a bá gé e sí méjì ọgbọọgba, ìdajì kọ̀ọ̀kan á le ní ìlọ́po méjì. Sípírín méjì di mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì le tó bí a ṣe fẹ́. Díìsì ni a fi gé wọn, a ń da omi sí i. Ẹ má fi iná gáàsì gé sípírín láéláé, iná náà á pa líle tó wà lára irin, ibẹ̀ ni yóò sì ti ṣẹ́ lọ́jọ́ kan.

Bí a ṣe tò ó kò le. Irin onígun dábùú láàárín IPE méjèèjì, méjì ni wọ́n. Sípírín mẹ́rin dúró lórí wọn nínú ìdérí kékeré tí kò jẹ́ kí ó yọ̀. Ọ̀pá onísíkúrù gba inú sípírín kọ̀ọ̀kan kọjá sísàlẹ̀, wáṣà ńlá àti nọ́ọ̀tì méjì wà lórí rẹ̀. Abẹ́ àwọn ọ̀pá náà ni àwo irin tó gbé ẹrù so rọ̀ sí. N kò fi ọ̀nà irin kankan tọ́ ẹrù náà sọ́nà, torí bí irin bá ń fi ara ha irin, ìgbọ̀n kékeré kò ní lè sún ẹrù náà kúrò lójú kan, bẹ́ẹ̀ ìgbọ̀n kékeré la fẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́. Ó so rọ̀ ní òmìnira, rọ́bà nìkan ló wà lókè àti nísàlẹ̀ bó bá fẹ́ kọjá ààlà.

Ohun kan tí n kò fàyè gbà ni kí ẹnikẹ́ni jó irin mọ́ ètè ìsàlẹ̀ IPE (apá pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀) tàbí kí ó lu ihò sí i. Agbedeméjì ètè ìsàlẹ̀ ni irin ti ń nà jù nígbàkígbà tí èèyàn bá kọjá, ojú ibi tí a bá jó síbẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Jórinjórin tó bá wa ṣiṣẹ́ kò fẹ́ gbà, ó ní iná ló ń mú irin dúró. A lo ìdè irin oníbóòtù tó gbá ètè náà mú láìpa á lára. Ṣéènì méjì sì wà tó di àwo náà mú lọ́tọ̀, torí orí ọ̀nà ọkọ̀ ni kìlò 70 yìí so sí. Bí gbogbo sípírín bá tilẹ̀ ṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, kò gbọdọ̀ já bọ́ sílẹ̀.

Títún un ṣe kó bá afárá mu

A kọ́kọ́ so ó rọ̀ sára férémù líle kan ní ṣọ́ọ̀bù. Kìlò 64 la kọ́kọ́ kó sínú àwo, fóònù sì sọ pé 3.3 Hz. Ìdí nìyẹn tí ẹrù fi jẹ́ pátákó irin pẹlẹbẹ kéékèèké tí a tò léra, tí kì í ṣe kọ́ńkéré dídì kan. Bí a ṣe ń fi pátákó kún un, ó ń falẹ̀. Nígbà tó pé 70, ó dúró sí 3.15.

Lórí afárá fúnra rẹ̀ ni ohun tó dùn jù láti wò ti ṣẹlẹ̀. Phyphox lè ya àwòrán tó ń fi hàn ìgbọ̀n wo ló lágbára jù. Tẹ́lẹ̀, ṣóńṣó kan ṣoṣo ló wà, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró ní 3.4. Nígbà tí a so ẹrù mọ́ ọn láìtíì fi ọ́ìlì sí i, ṣóńṣó yẹn pòórá. Méjì jáde dípò rẹ̀, ọ̀kan ní nǹkan bíi 2.8, èkejì ní 3.8, ibi tí èyí àkọ́kọ́ wà tẹ́lẹ̀ sì di kòtò. Ọmọ iṣẹ́ mi pariwo. Èmi náà yọ̀, torí àwòrán yẹn gan-an ni ìṣirò ti yà sílẹ̀ fún mi.

Ṣóńṣó méjèèjì yẹn ló ń sọ ohun tó kù láti ṣe. Bí èyí tó wà lọ́wọ́ òsì bá ga ju ti ọ̀tún lọ, ẹrù náà ń yára jù, ẹ fi irin kún un. Bí ti ọ̀tún bá ga jù, ó ń falẹ̀ jù, ẹ yọ díẹ̀ kúrò. A yọ pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, a sì rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ọ́ìlì ló gba sùúrù jù. Agolo irin kan jókòó lórí férémù kékeré tí a so mọ́ afárá, ọ́ìlì jíà nínípọn wà nínú rẹ̀, àwo róbótó kan tó so mọ́ ìsàlẹ̀ ẹrù sì ń rìn nínú ọ́ìlì náà. Bí ọ́ìlì bá di ẹrù mú jù, ẹrù á lẹ̀ mọ́ afárá, àwọn méjèèjì á jọ máa gbọ̀n bí ohun kan, ṣóńṣó kan ṣoṣo á sì padà. Bí kò bá dì í mú tó, ṣóńṣó méjì á ga gọ́gọ́. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwo tí kò nihò, a wá ń lu ihò sí i díẹ̀díẹ̀, a ń wọ̀n ọ́n, a ń lù ú, títí ṣóńṣó méjèèjì fi tẹ́ di òkè pẹlẹbẹ kan. Ìṣirò ní kí ìpín ìpẹ̀rọ̀ ẹrù náà jẹ́ nǹkan bíi 0.15. Oòrùn ọ̀sán ń mú ọ́ìlì ṣàn, òwúrọ̀ ọyẹ́ ń mú un ki, nítorí náà mo ṣe é ní ìwọ̀n àárọ̀ tí kò gbóná tí kò tutù. Ó lè yẹ̀ díẹ̀ síbí tàbí sọ́hùn-ún, kò ní ṣe ìpalára. Ẹrù tó wúwo máa ń faradà á.

Ohun tó yí padà

Ọmọ iṣẹ́ tún fò, ó sì tún dúró. Dípò ìgbọ̀n 14, ìgbọ̀n méjì péré ni ó fi dín kù sí ìdajì. Agbẹ̀bí tó rìn kọjá tẹ́lẹ̀ tún rìn, fóònù kọ 0.4 m/s². Ó dúró ní agbedeméjì, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábẹ́ yẹn, ṣé kì í ṣe pé ẹ ti fi nǹkan tì í?" Mo ní kí wọ́n wo abẹ́ fúnra wọn. Ẹrù náà ń jó sókè sódò, ó ń jó ju afárá lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìyá agbẹ̀bí sì wò ó pẹ́.

Àsìkò tí mò ń bẹ̀rù ni ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ẹbí bá gbé abọ́ oúnjẹ wá kí ọlọ́mọ. Èèyàn mẹ́wàá sí méjìlá lè wà lórí afárá lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ̀n ara wọn á sì kún ti irin, iye ìgbọ̀n afárá á sì lọ sílẹ̀, ó lè súnmọ́ 3 Hz. Ẹrù tí a ti ṣe fún 3.4 kò tún ní bá a mu dáadáa mọ́. Àkóbá gidi ni èyí fún gbogbo afárá fúyẹ́, ẹrù ìpẹ̀rọ̀ tó kéré jù ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣì í. Kìlò 70 tí mo yàn kò ṣì í púpọ̀, torí bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni àyè tó ń bò lórí iye ìgbọ̀n ṣe gbòòrò tó. Lẹ́yìn náà, ara èèyàn fúnra rẹ̀ ń mu ìgbọ̀n. Ìrọ̀lẹ́ tí mo wọ̀n ọ́n, ohun tó ga jù tí fóònù kọ jẹ́ 0.8. Ó wọ ìpele ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, mo sì gbà fún un.

Ohun tí kò yanjú ni ti àwọn ọmọdé tó ń tẹ̀ lé ìyá wọn wá, tí wọ́n sì ń sáré kọjá. Ẹni tó ń sáré lè gbé ìgbésẹ̀ tó 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bó sì ṣe ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀ wúwo ju ti ẹni tó ń rìn lọ fíìfíì. Ẹrù ìpẹ̀rọ̀ kì í gba lílù ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró. Kíkójọ ìgbésẹ̀ lé ìgbésẹ̀ ló ń dènà. Nígbà tí ọmọ kan bá sáré, fóònù ṣì ń kọ ohun tó ju 1 m/s² lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bí ọmọ náà bá ti kọjá, afárá ti dákẹ́. Dókítà ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà méjèèjì pé kí ẹnikẹ́ni má sáré, lédè Yorùbá àti Faransé.

Ìtọ́jú

Mo kọ ìwọ̀nyí sílẹ̀ fún ọkùnrin tó ń bójú tó ọgbà. Kó máa yẹ àwọn nọ́ọ̀tì wò bí oṣù bá ti parí. Mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà kọjá nọ́ọ̀tì àti ọ̀pá, bí ìlà náà bá ti yà, nọ́ọ̀tì ti yí. Kó máa wo ojú ọ́ìlì nínú agolo lẹ́yìn òjò ńlá, torí omi tó bá wọ inú rẹ̀ á lọ jókòó sísàlẹ̀, á sì gbé ọ́ìlì sókè títí yóò fi dà sílẹ̀. Kó máa yọ ìtẹ́ ẹ̀gà kúrò ní kété tó bá rí i. Àyè tó wà láàárín ẹrù àti IPE dára púpọ̀ fún ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ koríko tó há síbẹ̀ tó láti di kìlò 70 lọ́wọ́ mú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ tún páànù orí afárá ṣe tàbí kó tẹ́ táìsì lé e, kó kọ́kọ́ pè mí, torí ìwọ̀n tuntun náà yóò yí 3.4 yẹn padà.

Ní báyìí, agolo ọ́ìlì ni mo fẹ́ pààrọ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ ṣí lórí, òjò àkọ́rọ̀ sì ń bọ̀. A ti ń jó àpótí irin oníderí kan ní ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ihò tó ní kọ́kì nísàlẹ̀ kí omi lè máa jáde. Bí a bá ti gbé e síbẹ̀, a ó tún wọn ṣóńṣó méjèèjì.